Oṣù mẹ́ta tí mo fi ń dá Ifá láti Stockholm

Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Àwọn kan fi ẹ̀rín bi í, àwọn kan sì fajú ro: ṣé òótọ́ ni pé Bàbá jókòó sí ìlú òyìnbó, tó ń fi fóònù dá Ifá fún àwọn ará Okokomaiko? Òótọ́ ni. Ẹni tó ń kó ìwé ìròyìn wa yìí jọ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sinmi títún un sọ lójoojúmọ́. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, torí mo mọ̀ pé àwọn awo mìíràn nínú wa náà ti ń ṣe é. Wọn ò kàn sọ̀rọ̀ ni.

Ọmọ mi obìnrin ló bímọ ní Stockholm, olú ìlú orílẹ̀-èdè Sweden, lọ́dún 2024. Ìyá rẹ̀ ti lọ sọ́run. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ̀yin náà ni kí ẹ wá.” Ó fẹ́ kí n dá ẹsẹ̀ntáyé ọmọ náà lórí fóònù kí n tó gbéra, kó má baà pẹ́ jù. Mo ní rárá. A gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé ọpọ́n, fóònù ò sì lè bá wa gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí, nítorí èmi náà ni mo gbàgbé rẹ̀ nígbà tó yá.

Físà àbẹ̀wò oní 90 ọjọ́ ni wọ́n fún mi. Ìparí oṣù Karùn-ún ni mo lọ, mo sì ti ṣe ìlérí pé n ó dé kí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù Kẹjọ, tó pé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti kúrò, fún ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ò mọ ọ̀dọ̀ wa. Òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì ló la Okokomaiko kọjá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kọ̀ńdọ́ ti ń pe “Barracks! Mile 2!” lẹ́nu ọ̀nà wa. Mọ́sálásí á pe ìrun, ṣọ́ọ̀ṣì méjì tó kọjú síra wọn á da gbohùngbohùn sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa kù. Inú ariwo yẹn ni mo ti ń kí Ifá láti ọgbọ̀n ọdún ó lé, ẹnikẹ́ni ò sì sọ rí pé ohùn mi ga jù. Àwọn ọlọ́jà láti Alábà ń wá bá mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU tí ìdánwò ń dà láàmú náà ń wá, àti awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, àti ìyàwó ṣọ́jà láti bárékè Ọ̀jọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì máa ń gbà wọlé sọ́dọ̀ mi. Mi ò bínú sí wọn.

Irú àwọn èèyàn báyìí ò ṣeé fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mo ní ọmọ awo kan tó ti tẹ̀fá, ọdún keje rẹ̀ lọ́dọ̀ mi nìyí. LASU lòun náà ń lọ. Mo fi ilé lé e lọ́wọ́. Mo mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan àti ọwọ́ ikin kan dání, mo fi ọwọ́ ikin èyí tí ó jẹ́ àgbà sílẹ̀ nílé pé kó máa bọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló kọ́kọ́ fún mi ní làálàá. Àwọn ìlú Yúróòpù yẹn ò gba ẹran tàbí wàrà lọ́wọ́ àlejò láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n gbà, kò sì gbọ́dọ̀ ju 20 kilo lọ. Obì tútù ò lè wọlé láìní ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mójú tó ohun ọ̀gbìn. Láti ìparí ọdún 2019 ni òfin náà ti le bẹ́ẹ̀. Èso márùn-ún péré ni wọ́n yọ sílẹ̀ tí kò nílò ìwé: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó, dàbínù, èso kan tí wọ́n ń pè ní durian tí mi ò fojú rí rí, àti àgbọn. Nígbà tí ọmọ mi ka àgbọn fún mi lórí fóònù, mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣebí àgbọn náà ni àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba fi rọ́pò obì nígbà tí wọn ò rí obì, tí àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń lò ó di òní olónìí. Mo ra àgbọn ní Stockholm, mo sì fi bẹ Ifá pé kó má bínú.

Húsù kan ní àríwá ìlú ni wọ́n ń gbé, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Husby. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀, ẹ ò sì ní gbà mí gbọ́: ọ̀nà aláwọ̀ búlúù lorúkọ rẹ̀. Èmi ará Okokomaiko, tí mo ti ń retí Blue Line láti ìgbà tí irùn mi ti dúdú! Tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, títí mo sì fi gbéra kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n ní yóò parí sí. Tiwọn ti ń rìn láti 1975. Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ní ìdíkọ̀ àárín ìlú, wọ́n ya ewé àti ìtàkùn búlúù sára àpáta náà títí dé òkè. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo dúró ń wo ewé yẹn títí ọkọ̀ fi fi wá sílẹ̀.

Lójú ọ̀nà Husby, láàárín Hallonbergen àti Kista, ọkọ̀ náà máa ń gba ìdíkọ̀ kan kọjá tí kì í dúró. Kymlinge lorúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1970, wọn ò sì ṣí i di bá a ṣe ń wí yìí. Àwọn ará ìlú máa ń sọ pé òkú nìkan ló ń sọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ń kọjá níbẹ̀ ni mo ń jùbà nínú ọkàn mi. Ọmọ mi ní, “Bàbá mi, àwàdà ni wọ́n ń ṣe o.” Mo ní kò burú, ìbà ò ná mi ní kọ́bọ̀.

Kọ́bọ̀ gan-an, wọn ò gbà á. Mo mú owó bébà dání, mo fẹ́ fi ra búrẹ́dì, ọmọ tó ń tajà mi orí. Fóònù tàbí káàdì ni. Àna mi sọ fún mi pé Stockholm yìí náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ owó bébà ní Yúróòpù, lọ́dún 1661. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ti sú yìí.

Nǹkan tó dà mí lọ́kàn rú jù ni oòrùn. Ní oṣù Kẹfà, aago mẹ́rin òru ò tíì lù tí oòrùn ti yọ, ó sì di lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó wọ̀. Bó bá wọ̀ tán pàápàá, ilẹ̀ kì í ṣú délẹ̀. Èwo wá ni ìdájí? Ìgbà wo ni kí n jí kí Ifá? Fún ọjọ́ mẹ́ta mi ò rí oorun sùn, orí ń fọ́ mi. Mo wá pinnu pé aago Okokomaiko ni n ó tẹ̀ lé. Nígbà ooru wọn, aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Tó bá di ìgbà òtútù, ọgbọọgba ni. Ọ̀sẹ̀ Ifá ní tirẹ̀ ò bá aago ẹnikẹ́ni lọ. Mo sàmì sí gbogbo ọjọ́ karùn-ún lórí kàlẹ́ńdà tó wà lára fíríìjì wọn, àárín àmì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ àti ọjọ́ tí ó kàn wọ́n láti lo ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé náà. Gbogbo ilé ló ń pín yàrá ìfọṣọ kan lò, ẹ ó kọ orúkọ sílẹ̀ gba wákàtí tiyín. Ẹni tó bá fọṣọ ní wákàtí ẹlòmíràn, ó ti dájà sílẹ̀.

Àna mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ́fíìsì wọn wà ní Kista, ìdíkọ̀ kan péré sí Husby, àmọ́ ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó má dé ibẹ̀. Inú ilé ló ti ń ṣe é. Á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, ṣòkòtò àwọ̀sùn á wà nísàlẹ̀, á fi nǹkan sétí, á máa bá ẹni tó wà ní Íńdíà sọ̀rọ̀, á tún yíjú sí ẹni tó wà ní Jámánì. Mo bi í pé ta ló ń ṣọ́ ọ. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi, Bàbá. Iṣẹ́ tí mo bá parí ni wọ́n ń wò sà.” Mo ní ta ló wá ń gbé ọmọ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìjọba wọn ń fún ìyá àti bàbá ní 480 ọjọ́ ìsinmi lórí ọmọ kan, wọ́n á pín in, tìyàwó ló ń lọ lọ́wọ́, tirẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Lóòótọ́ ni mo ń rí àwọn ọkùnrin lọ́sàn-án gangan tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, ojú ò tì wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣiṣẹ́, èmi àti òun, nínú pálọ̀ kan náà. Òun wà nídìí tábìlì, èmi tẹ́ ẹní sábẹ́ fèrèsé. Fóònù mi á dún: “Bàbá Awo, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú ilẹ̀ òtútù.” N ó gba orúkọ àti orúkọ ìyá, ẹni náà á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ awo mi ní Okokomaiko, n ó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, n ó kí odù tó bá yọ. Ọmọ awo á kọ ọ́ sínú ìwé éksásáìsì kan. Lọ́jọ́ kan mo ti wọnú ẹsẹ̀ Ifá lọ, mi ò mọ̀ pé àna mi ò pa ẹ̀rọ ìgbóhùn rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní kí ni wọ́n ń kọ nínú ilé yẹn, ó dùn o. Àna mi ní bàbá ìyàwó òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹbọ ni mi ò lè rú níbẹ̀, mi ò sì gbìyànjú ẹ̀. Oríta wọn mọ́ bí àwo oúnjẹ, ta ni yóò gbé ìgbá kalẹ̀ síbẹ̀? Ewé náà ń kọ́? Wọ́n ní ẹ̀tọ́ kan tó wù mí púpọ̀: ẹnikẹ́ni ló lè rìn wọ inú igbó, kódà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kó sùn mọ́jú, kó ṣa èso igbó àti olú, bí kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka tàbí já ewé lára igi tó wà láàyè. Èmi tí mo ń fi ewé jẹun! Mo ń rìn kiri nínú igbó, mo ń wo igi, igi ń wò mí, mi ò mọ orúkọ tí n ó fi pè é kó jẹ́ mi. Torí náà gbogbo ẹbọ, Okokomaiko ni. Owó ẹbọ ń wọ àpò báńkì ọmọ awo, òun ló ń lọ sọ́jà, òun ló ń rú u. Èmi ní ẹnu, òun ní ọwọ́.

Ìdí tí mo fi ń lọ sínú igbó gan-an ni pé, ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, a bá bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ mi kà á fún mi. Aládùúgbò kan ló kọ ọ́, ó ní òun ń gbọ́ ohùn kan tó ń kọrin tó sì ń kan nǹkan láàárọ̀ kùtùkùtù, ohùn náà dára, ṣùgbọ́n ọmọ òun ń sùn. Ìrọ́kẹ́ mi ló gbọ́. Ọmọ mi fẹ́ bínú, mo ní kó fi sílẹ̀. Ẹni yẹn bọ̀wọ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà, mo ń wọ ẹ̀wù òtútù, mo ń gba ẹ̀yìn ilé jáde sí pápá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Järvafältet, ibẹ̀ ni mo ti ń kí Ifá mi. Àwọn tó ń sáré àárọ̀ á juwọ́ sí mi. Ajá wọn nìkan ló ń dúró gbọ́.

Ẹ má rò pé àwọn èèyàn yìí ò ní ìṣẹ̀ṣe tiwọn. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Thor ni wọ́n ń pè é. Òun ló ni àrá, òòlù ló fi ń jà bí Ṣàngó ṣe ń fi edùn àrá jà. Ọmọ mi gbé mi lọ sí Gamla Uppsala, kò ju 70 kìlómítà lọ sí Stockholm. Òkìtì mẹ́ta ńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n sin àwọn ọba wọn sí. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Adam ti Bremen kọ ọ́ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn pé ilé òrìṣà wà níbẹ̀, Thor ló wà láàárín. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo dúró, ara mi ò balẹ̀. Ní Iceland tó jìnnà díẹ̀ sí wọn, ìjọba ti fọwọ́ sí ẹ̀sìn àbáláyé wọn padà láti 1973, ọdún 50 ṣáájú kí ìjọba Èkó tó fún wa ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Nígbà tó sì di Ọjọ́ Ẹtì 21 oṣù Kẹfà, mo fojú ara mi rí wọn nínú pápá: wọ́n fi ewé àti òdòdó wé òpó gíga kan, wọ́n gbé e nàró, tọmọdé tàgbà ń jó yí i ká, wọ́n ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ gbọ́ pé awo kan wà ní Husby. Wọ́n ń wá lálaalẹ́, bí alẹ́ bá wà. Mo dá Ifá fún wọn, mi ò gba kọ́bọ̀, nítorí físà àbẹ̀wò ò fún mi láyè láti ṣiṣẹ́ gbowó lórí ilẹ̀ wọn. Ọ̀kan gbé ìrẹsì àti epo pupa wá, a jọ jẹ ẹ́ ni.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe wá nìyí. Obìnrin kan wà tó ń ta ẹ̀rọ amómitutù ní Alábà, oníbàárà mi ni láti ọdún mọ́kànlá. Ní oṣù Keje ó pè mí tààrà láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò gba ọ̀dọ̀ ọmọ awo kọjá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò lè dúró dìgbà tí òun yóò fi dé Okokomaiko, torí gósíló. Ẹnìkan fẹ́ kí àwọn jọ dá owó kó ọjà wọlé. Mo yẹ kí n kọ̀. Mo ní kó mú owó ẹyọ àti egungun tí mo ti fún un tẹ́lẹ̀, kó fi ṣe ìbò. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ire ni kí òun san owó yìí? Mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ọwọ́ òsì.” Nẹ́tíwọ̀kì já. Àwòrán rẹ̀ dúró gbagidi lójú fóònù, ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀. Nígbà tó padà, ó ti na ọwọ́ òsì sí mi, owó ẹyọ ló wà níbẹ̀. Mo ní ire ni, Ifá fọre. Mo kí odù fún un, mo yan ẹbọ.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ló kó nǹkan ẹbọ wá sílé mi. Ọmọ awo mi, bó ṣe máa ń ṣe, ní kó sọ bí ó ṣe lọ, kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà ní nẹ́tíwọ̀kì já, òun ò gbọ́ nǹkan kan, òun rò pé Bàbá ò tíì dá a, òun bá pa ìbò dà lọ́wọ́, òun tún ìbéèrè sọ sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn lòun tó gbọ́ “ọwọ́ òsì.” Ẹ̀yin awo, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbò tí mo dá Ifá lé lórí kọ́ ló ṣí sí mi.

Ọmọ náà pè mí lóru. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, ẹ jẹ́ ká tún un dá.” Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì obìnrin náà jókòó lórí ẹní ní Okokomaiko, ìbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ awo ló da ọ̀pẹ̀lẹ̀, èmi kàn ń gbọ́ ni. Egungun ló jáde. Ó ti san ìdajì owó.

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo dá owó Ifá rẹ̀ padà, mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣètùtù níwájú Ifá nípa ìkánjú mi. Ó rí díẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó bá dòwò pọ̀. Ìyókù, wọ́n ṣì ń fà á. Láti ìgbà yẹn, mi ò gba ìpè ẹnikẹ́ni tí ìbò wà lọ́wọ́ rẹ̀ àyàfi bí awo kan bá jókòó tì í lórí ẹní. Ohun tí mo kọ̀ fún ọmọ-ọmọ mi ni mo gbà fún ẹlòmíràn nítorí gósíló.

Ẹsẹ̀ntáyé ọmọ náà, mo dá a dáadáa, ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré yẹn tẹ ìyẹ̀rosùn, ó sì yọ àmì ìka márùn-ún síbẹ̀. Àna mi yà á ní fọ́tò. Orúkọ tó jáde, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wálé.

Mo dé sí Èkó ní àárín oṣù Kẹjọ. Láti pápákọ̀ òfuurufú dé Mile 2 ò tó nǹkan, láti Mile 2 dé Okokomaiko ló gba gbogbo alẹ́. Ní Volks a ò mira fún wákàtí kan. Mo ń wo àwọn òpó ọ̀nà reluwé bí ọkọ̀ ṣe ń wọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ awo ti gbálẹ̀, ó ti tan iná sójúbọ, ìwé éksásáìsì náà ti kún, ó ti bẹ̀rẹ̀ èkejì.

Ọ̀sẹ̀ Ifá àkọ́kọ́ tí mo dé, obìnrin oníṣòwò yẹn wá láti Alábà. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó béèrè ọmọ-ọmọ mi, ó ní kú ìrìnàjò. Ó wá bi mí pé ọ̀dọ́mọkùnrin ń kọ́, ṣé ó wà nílé. Mo ní ó wà. Mo dìde lórí ẹní, mo lọ pè é.